Kí O Tó Gé Irun Móyọ̀

Èmi Yéwándé ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bàbá wa ló ń sọ̀rọ̀. Kọ́lá, ìwọ náà mọ̀ pé wọn kò lọ sí ilé ìwé, oko ni bàbá tó bí wọn mú wọn lọ. Nítorí náà wọ́n ní kí n jókòó sídìí tábìlì ìjẹun nílé mi ní Pearland níbí, kí n máa kọ bí wọ́n bá ṣe ń sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé Móyọ̀ ọmọ rẹ pè wọ́n lórí fóònù lánàá, ó ń sunkún pé o fẹ́ mú òun lọ gé irun lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá pè ọ́, o ní o wà lórí fíríwéè. Wọ́n tún pè ọ́, o ní o wà nínú ìpàdé. Wọ́n ní ẹni tó ń ka lẹ́tà kò lè sọ pé òun wà lórí fíríwéè. Mo ní kí n bá wọn tún àwọn ibì kan ṣe kó lè rọlẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá tún un ṣe, àwọn kò ní tẹ̀ka sí i. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyí.

Kọ́ládé, Àyìnlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì, mo kí ọ kú iṣẹ́ ilé, mo sì kí ọ kú àfojúsọ́nà Dámilọ́lá ìyàwó rẹ. Láti ìgbà tó ti lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun tó gbà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, mo mọ̀ pé ìwọ nìkan lò ń jí, ìwọ nìkan lò ń dáná. Ìwọ lò ń gbé ọmọ kúrò ní Cinco Ranch lọ síbi tí wọ́n ti ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ ní àsìkò ọlidé yìí, kó o tó wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Energy Corridor. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó ti odidi agbo ilé. Mi ò ní kó má rẹ̀ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má jẹ́ kí àárẹ̀ bá ọ mú sísọ́ọ̀sì.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí Móyọ̀ sọ fún mi, kó o lè gbọ́ ọ bí èmi ṣe gbọ́ ọ.

Ó ní, “Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Daddy kí wọ́n má cut irun mi.”

Mo ní, “Kí ni irun ọ̀hún fi Daddy ṣe?”

“Ó ti le, ó ń já. Tí Daddy bá fi comb sí i, mo máa ń pariwo. Wọ́n ní it's too much.”

“Ìwọ ńkọ́? Kò wu ìwọ náà kí wọ́n gé e, kí ara sì tù ọ́?”

“No, sir! Mummy ní òun máa dì í fún mi tí òun bá dé. Tí kò bá sí irun, kí ni wọ́n máa dì?”

Àyìnlá! Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ń sunkún lé lórí. Ìyá rẹ̀ ló ń retí. Irun yẹn ni iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, tó ní òun yóò padà wá ṣe. Bó o bá gé e lọ́jọ́ Sátidé, lójú tìrẹ, irun lo gé. Lójú tirẹ̀, o ti sọ fún un pé kó má retí ẹnikẹ́ni mọ́.

Yéwándé fi àwòrán tó o fi ránṣẹ́ hàn mí. Ìdí irun náà dára, ó dúdú, ó ń dán. Ṣóńṣó rẹ̀ ló gbẹ bí ihá tí a fi ń dáná lóko. Yéwándé bi ọ́ léèrè bó o ṣe ń fọ̀ ọ́. O ní lójoojúmọ́ tó bá ti jáde nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò yín, o máa ń da ọṣẹ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, o máa gbo ó dáadáa, o máa fi táwẹ̀lì nù ún, o máa wá fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i lórí kó lè gbẹ kíákíá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ara mi ni mo rí.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ni bàbá mi, ọmọ àgbẹ̀, mọ̀ nípa irun obìnrin. Ohun tí mo mọ̀, ìyá rẹ ló kọ́ mi. Ìgbà tí làkúrègbé mú un níka, ìwọ ṣì wà ní yunifásítì, o kì í fi bẹ́ẹ̀ wálé. Ìka rẹ̀ kò ká mọ́. Bó bá fẹ́ gbé ọwọ́ sórí, ibi etí ló ń dúró sí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Yéwándé, ẹ bá mi fọ orí.”

Mo ní, “Ta ni onídìrí níbí? Dúró de ọmọ rẹ obìnrin.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sì rèé, Medical Center ló ti ń ṣiṣẹ́, àárẹ̀ ló fi ń wọlé. Ìyá rẹ dúró. Ó so gèlè mọ́rí nínú ilé, orí ń yún un. Mo ń wò ó láti orí àga mi. Mo rí i tó mú ṣíbí, tó ti ìdí rẹ̀ bọ abẹ́ gèlè, tó fi ń họ orí. Nígbà náà ni mo dìde.

Mo dìde o, ṣùgbọ́n agídí ni mo gbé dìde. Bí wọ́n ṣe fọ orí fún mi lódò nígbà tí mo wà lọ́mọdé nìkan ni mo mọ̀. Mo mú ọṣẹ dúdú, mo mú kàn-ìn-kàn-ìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbo irun ìyá rẹ láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ó kígbe, “Ẹ rọra! Ṣé ìdí ìkòkò ni?”

Mo ní, “Ìdọ̀tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Báyẹn ni mò ń ṣe é. Inú mi tún ń dùn pé bí mo bá fa irun náà láàárín ìka, ó ń dún kín-ín kín-ín. Mo rò pé ìmọ́tótó ló ń dún. Mi ò mọ̀ pé irun tó bá ń dún báyẹn, òùngbẹ ló ń ké. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí irun wẹ́wẹ́ lórí ìrọ̀rí rẹ̀. Irun tó ti kan èjìká rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ń tán lọ láti ìsàlẹ̀. Mo ní, “Jẹ́ ká kúkú gé e.” Ìyá rẹ wò mí títí, ó ní, “Ṣé orí bíbẹ́ ti wá di oògùn orí fífọ́ lọ́dọ̀ yín?” Ọjọ́ yẹn ló mú mi jókòó, ó ní òun á máa sọ, kí ọwọ́ mi máa gbọ́.

(Ìyá wa ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn ò mú ẹnikẹ́ni jókòó, ìjà ni àwọn bá wọn jà. Bàbá ní kí n má kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.)

Ó dáa. Gbọ́ ohun tí ìjà náà kọ́ mi.

Èkíní, mọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú irun. Lára igi, ìdí ló ti pẹ́, ewé ni ọmọ tuntun. Ti irun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí irun ni ìkókó, ṣóńṣó ni àgbà. Ṣóńṣó irun Móyọ̀ yẹn ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì mọ ìwé kà. Ó ti rí oòrùn Houston, ó ti rí omi, ó ti rí òòyà lóríṣiríṣi. Epo tí Ọlọ́run fi sí awọ orí kì í rìn dé ọ̀hún, pàápàá nínú irun tiwa tó ń ká kò. Nígbà tí a bá ń bomi rin ẹ̀fọ́ lóko bàbá mi, ebè tó bá wà lẹ́nu omi ló ń mu àmuyó. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, ọ̀rinrin lásán ló ń rí. Nítorí náà, awọ orí ló ni ọṣẹ, ṣóńṣó ló ni òróró. Bó ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú lẹ́tà yìí, rántí ìyẹn.

Èkejì, má jẹ́ kí ọṣẹ débẹ̀ kí òróró tó débẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ọjọ́ ìfọrun tó mọ́, da òróró àgbọn díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, fi ra ṣóńṣó irun náà, kó o wá fi ìka tú u. Ìka ni mo wí, mi ò tíì dárúkọ òòyà. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé òkè lo ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó o bá fa òòyà láti òkè, gbogbo kókó tó wà lọ́nà lò ń dà jọ sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni yóò sì já.

Nígbà tí mo wà lọ́mọkùnrin, okùn ewúrẹ́ bàbá mi lọ́ mọ́ra rẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n tú u. Mo di àárín okùn náà mú, mo fà á. Bí mo ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni kókó rẹ̀ ń di òkúta. Inú bí mi, mo yọ àdá, mo gé e. Bàbá mi dé, wọn kò nà mí. Wọ́n kàn ní kí n fi okùn kúkúrú tó kù so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí n wá jókòó tì í kí n máa wò ó. Ewúrẹ́ náà na ọrùn títí, ẹnu rẹ̀ kò tó koríko. Èmi ni mo já koríko fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Ohun tí a bá fagbára mú níí le koko.

Ìkẹta ni pé kó o pín irun náà. Kò sí ẹni tó ń ro gbogbo oko lẹ́ẹ̀kan náà. Pín in sọ́nà mẹ́rin tàbí mẹ́fà, lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí okùn, tú ẹyọ kan, fọ̀ ọ́, lọ́ ọ padà, kó o tó kan èkejì. Má ṣe kó gbogbo irun jọ sí àtàrí kó o máa gbo ó yípoyípo bíi ti àwọn tó ń polówó ọṣẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Irun tàwọn yẹn kì í ká. Tiwa, bó o bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ ni wàá fi ṣe.

Omi ńkọ́? Kó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kó má gbóná. Èmi kọ̀ jálẹ̀ nígbà kan pé omi gbígbóná ló ń pa ìdọ̀tí, Yéwándé ní irọ́ ni, mo ní torí pé ilé tirẹ̀ nìyí ló ṣe ń bá mi sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló jàre. Omi gbígbóná ń bọ́ epo kúrò lára irun bó ṣe ń bọ́ epo kúrò lára abọ́ ọbẹ̀. Wo inú kẹ́tùlù yín náà; bó o bá rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹfun, mọ̀ pé omi ilé yín le, ó sì yẹ kó o tún rọra sí i.

Ọṣẹ ìfọrun, má dà á lé orí bó ṣe wà. Da díẹ̀ sínú ife, fi omi là á. Fi ọmọ ìka fọ awọ orí, má fi èékánná. Bó o bá ti fọ awọ orí tán, da omi sí i, kí ìfófòó yẹn máa ṣàn gba ara irun lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ṣàn kọjá yẹn ti tó ṣóńṣó. Kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ epo rọ̀bì lò ń ṣe, ìwọ lo mọ̀ nípa bí omi àti epo ṣe ń gba inú páìpù kọjá ju èmi lọ, òye rẹ̀ á tètè yé ọ.

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí ló jẹ mí lógún jù. Lẹ́yìn ọṣẹ ni ìpara ọlọ́ràá tí àwọn Yéwándé ń pè ní kọndíṣọ́nà. Ṣóńṣó ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o fi yí i lára dáadáa, kó o wá fi òòyà ẹlẹ́yín fífẹ̀ yà á láti ìsàlẹ̀. Tó o bá ti ṣe é tán, má tètè ṣàn án kúrò. Jẹ́ kó mu ún. Irun ń mu nǹkan nígbà yẹn, kò sí iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ. Má mú fóònù. Ọmọ jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ, ọwọ́ rẹ wà lórí rẹ̀, kò ní láti wo ojú rẹ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ń jáde.

Ní ìdí síǹkì ìdáná yìí ni ìyá rẹ ti sọ fún mi pé òun kò fẹ́ràn ẹja àrọ̀. Àyìnlá! Láti ìgbà tí a ti dé Houston ni mo ti ń ra ẹja àrọ̀ wálé, mo tún máa ń fi ìrù sí àwo tirẹ̀ nítorí pé mo rò pé òun ló fẹ́ràn jù. Mo ní, “Kí ló dé tó ò sọ?” Ó ní, “Mo sọ. Àtẹ́yìnwá ni mo ti ń sọ. Ọjọ́ wo lẹ dúró rí?” Ẹja nìyẹn. Ó tún sọ ohun mìíràn tí kì í ṣe ẹja: pé ẹ̀rù ń ba òun láti kú síbi tí kò sí ẹni tó mọ oríkì òun. Ẹni tí a bá ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, a máa ń rò pé a ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fi ìpara sí irun rẹ̀ tán, mo máa ń kì í. Ó ní ohùn mi kò dára. Ó sì ń gbọ́ ọ dópin.

Mi ò mọ ohun tí Móyọ̀ ní í sọ fún ọ. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Èmi ló pè, ìwọ kọ́. Ronú sí ìyẹn.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Yéwándé ní kí n máa lọ.

Tó o bá ti ṣàn án, má fi táwẹ̀lì gbo ó. Mú tíṣẹ́ẹ̀tì òwú rẹ tó ti gbó, fi tẹ omi inú irun náà jẹ́jẹ́. Yéwándé ní àwọn táwẹ̀lì kan wà tí wọ́n ṣe fún irun. Mi ò fẹ́ gbọ́. Tíṣẹ́ẹ̀tì ni. Má fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i. Houston fúnra rẹ̀ gbóná tó. Nígbà tó ṣì tutù díẹ̀ ni kó o fi òrí pa á, ṣóńṣó ni kó pọ̀ sí. Òrí kì í fún irun lómi. Ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi tó wà níbẹ̀ ni. Bó o bá dúró kó gbẹ tán kó o tó fi òrí sí i, ilé òfìfo lo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn. Lọ́ ọ pọ̀, kó o ká ṣóńṣó rẹ̀ wọ inú, kó má máa ha aṣọ. Jẹ́ kó dé fìlà sátìnì sùn. Nínú ọkọ̀ náà, tẹ́ aṣọ tó ń yọ̀ sí ẹ̀yìn àga rẹ̀, nítorí pé láti Cinco Ranch sí ibikíbi, ọ̀nà jìn, orí ọmọ a sì máa ha àga lọ, ha àga bọ̀.

Ti omi ìlúwẹ̀ẹ́, má sọ fún un pé kó má lọ. Ọmọdé ni, ooru sì mú. Ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kó tó kó sínú omi yẹn, fi omi mímọ́ rin irun rẹ̀ dáadáa, kó o fi òróró ra ṣóńṣó. Kàn-ìn-kàn-ìn tó ti mu omi yó kì í mu òmíràn. Tó bá jáde, fi omi mímọ́ ṣàn án, fi ìpara díẹ̀ sí i, ó parí. Ọṣẹ ojoojúmọ́ yẹn, fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Ìyá rẹ ní kí n má fi òtítọ́ pamọ́: èyí tó ti là sí méjì ní ṣóńṣó, kò sí òróró tó ń so ó pọ̀. Bó bá wà níbẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá ọ ré e díẹ̀, bí ìbú èékánná. Mo bá a jiyàn lórí èyí títí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ré tirẹ̀, kò já gòkè mọ́. Ríré yàtọ̀ sí gígé. Tí a bá já ewé gbígbẹ lára kòkó, a kò gé kòkó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí o kò sọ, tí mo sì mọ̀ pé ó wà nínú rẹ. Ojú ń tì ọ́. Ọkùnrin tó ń fọ irun obìnrin, kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ á wí? Alàgbà Fọlárìn tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa wọlé bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń da omi sí ìyá rẹ lórí. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìdírun tí ẹ ò pè wá?”

Mo ní, “A ti ṣí i. Ẹni tó bá ní irun la ń ṣe fún.”

Orí Alàgbà ń dán bí abọ́ tánńganran, ìwọ náà mọ̀. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi wọ̀ ọ́ létí. Láti ìgbà náà, bí Alàgbà bá fẹ́ wá lọ́jọ́ Sátidé, á kọ́kọ́ pè, á ní, “Ṣé ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé?” Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Kò pa mí. Ó jókòó sí iwájú mi báyìí, ó ní òun ṣì ń retí ìgbà tí òun máa hu irun kí n lè fọ̀ ọ́.

Àyìnlá, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Sátidé. Ìwọ ni bàbá Móyọ̀, èmi kọ́. Mi ò ní pàṣẹ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe mí bíi pé kí n pàṣẹ. Mú un jókòó. Bi í pé, “Ṣé o fẹ́ ká gé e, àbí o kò fẹ́?” Lẹ́yìn náà kó o pa ẹnu mọ́. Má sọ fún un pé ooru ń mú, má sọ fún un pé á rọrùn. Bó bá sọ tọkàntọkàn pé ká gé e, ẹ gé e, pe ìyá rẹ̀ kó jọ gbọ́, èmi náà á sì di ẹnu mi mú, mo búra. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun kò fẹ́, gbé sísọ́ọ̀sì kúrò nílẹ̀, kó o bomi.

Sọ fún un pé o kò mọ̀ ọ́n fọ̀ tẹ́lẹ̀, pé o ń kọ́ ọ. Bàbá tó bá sọ fún ọmọ pé òun kò mọ nǹkan, kò dín kù. Ọmọ náà á fara da ọwọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ tó ń bínú ni kò lè fara dà.

Yéwándé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tí Móyọ̀ ò kúkú wá gbé ọ̀dọ̀ wa ní Pearland títí Dámi á fi dé? Ẹ mọ̀ ọ́n fọ̀, mo mọ̀ ọ́n dì.” Ìyá rẹ náà ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù mí. Mi ò purọ́ fún ọ, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ní rárá. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Bí bàbá rẹ̀ náà bá tún gbé e fún ẹlòmíràn nítorí irun, irun náà á dára, ọmọ á wá mọ̀ pé òun ni wọ́n ń gbé kiri. Bí ọwọ́ rẹ bá kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé, gbé e sínú ọkọ̀, ẹ máa bọ̀ níbí. Màá fún ọ ní àga àti omi. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, màá máa sọ, màá tún pariwo lé ọ lórí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan irun náà. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kí orí ọmọ yẹn mọ̀.

Kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́ lórí ọmọ rẹ. Kí Dámilọ́lá dé láyọ̀, kó bá ohun tó fi sílẹ̀ níbi tó fi í sí.

Èmi ni bàbá rẹ, Ọláníyì, ọmọ àgbẹ̀. Wọ́n ti ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ mi ni.

Ìka Bàbá rèé, wọ́n fi tàdáwà búlúù tẹ̀ ẹ́: ✕

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìbíwùmí, ìyá rẹ. Wọ́n ní ìka àwọn kò lè di kálámù mú, ṣùgbọ́n àwọn ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó jẹ́ òtítọ́.

Ẹlẹ́rìí kejì: Alàgbà Fọlárìn, aládùúgbò, tó buwọ́ lù ú fúnra wọn.